Ẹni Tó Gbin Igi Yí Sàréè Aya Wọn Ká: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Theophilus Olújìmí Ọláògún (1909–1986)

Ní Abúlé Ọláògún, lẹ́yìn Papalanto, ni a bí Bàbá wa, Olóògbé Theophilus Olújìmí Ọláògún, ní ọdún 1909. Ẹ má wulẹ̀ wá abúlé náà lọ mọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ń pè ní Apá Kẹrin lónìí, ẹ̀wọ̀n irin wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì jókòó ti ẹ̀wọ̀n náà. Ṣùgbọ́n abúlé ni nígbà tí a bí Bàbá. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kànga, ó ní ilé tí èéfín ń rú lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, orúkọ baba wọn àgbà ló sì ń jẹ́.

Ẹni tó bí wọn lọ́mọ ni Ògúndípẹ̀ Ọláògún, ọmọ Kémta ní Abẹ́òkúta, àgbẹ̀ olóbì. Ìyá wọn ni Mọ́níkẹ́, ọmọ Ìtòkò, aláró tí èékánná rẹ̀ kò funfun rí títí ó fi kú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa Ẹ̀gbá, ilé wà ní ìlú, oko wà ní abúlé, ẹsẹ̀ kò sì dá lójú ọ̀nà láàárín méjèèjì. Bàbá a máa sọ pé ìlú ni àwọn ti ń ṣọdún, oko ni àwọn ti ń gbé ayé.

Ní ọdún 1917, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà ní abúlé náà. Wọ́n mọ̀wé, àmọ́ àríyànjiyàn ni wọ́n mọ̀ jù. Wọ́n ní olùkọ́ wọn a máa dá ẹ̀kọ́ dúró kó tó lè rí Olújìmí dá lóhùn. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé nígbà tí Ògúndípẹ̀ kú ní ọdún 1924, oko sì di ti àkọ́bí ọkùnrin. Bí Bàbá ṣe fi síléètì sílẹ̀ nìyẹn tí wọ́n gbé ọkọ́.

Iṣẹ́ tí gbogbo agbègbè wá mọ̀ wọ́n mọ́ ni ọ̀rọ̀ ààlà. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀, Bàbá ni wọ́n ń pè. Wọn a rìn yí oko náà ká, wọn a wo pèrègún tí àwọn àgbà rì mọ́ igun rẹ̀, wọn a sì wo igi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dàgbà sí ìlú lè má mọ ìdí èyí. Onílẹ̀ lè fún àlejò nílẹ̀ dáko. Àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ohunkóhun tí yóò kórè tí yóò sì tán. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi á dúró síbẹ̀. Bí àlejò bá gbin obì lónìí, ọmọ rẹ̀ yóò wá ká a, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì búra ní kóòtù pé ilẹ̀ baba òun ni. Obì tí Ògúndípẹ̀ gbìn ni ẹ̀rí tí Bàbá ní lórí ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan igi náà bí ẹni mọ ọmọ.

Ní ọdún 1934, wọ́n gbé Harriet Péjú níyàwó, ọmọ tíṣà kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Abẹ́òkúta. Wọ́n jọ lọ sí Gólúkóòsì, tó di Gánà lónìí, lọ ta aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Tòkunbọ̀, sí. Wọ́n padà wálé ní ọdún 1941, wọ́n sì bí Túbọ̀sún àti Josiah. Lọ́yà Oko ni Ìyá ń pe Bàbá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá a sì máa dáhùn pé lọ́yà tí kò borí ẹjọ́ kankan nínú ilé rí ni àwọn.

Ó ku ìtàn obì mẹ́ta. Ní ọdún 1953, Bàbá Sàlàhúdíìnì, ará Ìsẹ́yìn, ń dáko lórí ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ wọn déédéé. Lọ́jọ́ kan, Bàbá rí obì kéékèèké mẹ́ta lẹ́yìn ahéré wọn. Wọn ò béèrè ohunkóhun, wọ́n fà á tu lójú ẹni tó gbìn ín. Bàbá Sàlàhúdíìnì wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù nílẹ̀, wọ́n sì na àgbọ̀n síwájú.

"Bàbá Túbọ̀sún, ẹ bá mi wo irùngbọ̀n mi náà," ni wọ́n wí, "kó má lọ ta gbòǹgbò."

Ẹ̀rín Ìyá tó ń gbọ́ látẹ̀yìn ló parí ìjà náà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn bàbá méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ tí wọ́n fi ń bú ara wọn láràárọ̀. Bàbá Sàlàhúdíìnì kò gbin igi mọ́.

Bàbá di Baba Ìjọ ní ọdún 1962. Àwọn ni wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga kejì, àwọn ni wọ́n sì dúró ti ọ̀nà abúlé títí mọ́tò fi lè wọ̀ ọ́ lásìkò òjò. Ìyá kú ní ọdún 1974. Àwọn ará Kémta fẹ́ sin wọ́n sí ìlú, Bàbá kọ̀. Ẹ̀yìn ilé ní abúlé ni wọ́n sin wọ́n sí, lójú obì Ògúndípẹ̀. Símẹ́ǹtì Papalanto ni wọ́n fi rẹ́ sàréè náà, wọ́n sì ní kí bíríkìlà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn lápá òsì. Ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn dé ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àyè náà hàn, bí ẹni ń fi yàrá han àlejò.

Àyè yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé lórí.

Ní ọdún 1977, lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, mọ́tò funfun kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ló sọ̀ kalẹ̀, aṣojú Ilé-iṣẹ́ Igbó Ọ̀la. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó sì béèrè oríkì Bàbá kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun yóò kó irúgbìn mẹláínà wá, igi òyìnbó tó ń yára ga. Àwa la óò gbìn ín sórí ilẹ̀ wa. Títí igi yóò fi dàgbà, a ó máa gbin oúnjẹ láàárín ìlà rẹ̀. Ní ọdún kẹjọ, wọn yóò gé e, wọn yóò fi ṣe bébà, gbogbo abúlé yóò sì pín nínú èrè rẹ̀. Ó ní ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò máa kọ nǹkan sí, láti inú oko wa ni yóò ti jáde.

Kì í ṣe bébà ló dùn mọ́ Bàbá nínú, kì í sì í ṣe èrè. Lásìkò yẹn, ìró òfin ilẹ̀ tuntun ti ń kárí ìgboro, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo onílẹ̀ pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ kan ló wá ń bẹ onílẹ̀ yìí pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Lójú ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo igi kó tó dá ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ̀bùn ni. Nígbà tí mọ́tò náà lọ, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ìlú ló ti ba ọmọ náà jẹ́, kò mọ àṣà mọ́, ó fẹ́ sọ àwọn di onílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Sàlàhúdíìnì kò rẹ́rìn-ín.

"Igi mẹ́ta ni mo gbìn lọ́jọ́sí," ni wọ́n wí, "ẹ sì mọ ohun tí mo ń wá. Ẹni tó fẹ́ kí igi bo gbogbo oko yìí, kí lẹ rò pé òun ń wá?"

"Ìwọ, ọwọ́ ara rẹ lo fi gbin tìrẹ," ni Bàbá dáhùn. "Èyí, ọwọ́ mi ni yóò gbìn ín. Ta ni yóò wá sọ pé igi ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi?"

"Ẹni tó háyà ọwọ́ náà ni."

Bàbá ní kí wọ́n máa lọ kírun, ọ̀sán ti pọ́n.

A kò ní fi èyí pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, nítorí Bàbá fúnra wọn kò fi pamọ́. Àwọn ni wọ́n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rọ àwọn ìdílé yòókù títí gbogbo wọn fi gbà. Àwọn náà ni wọ́n dúró tì í nígbà tí katakata dé láti palẹ̀ mọ́ fún irúgbìn. Pèrègún ààlà ló kọ́kọ́ hú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí obì Ògúndípẹ̀. Kò pé ọ̀sán kan tí ẹ̀rí ìran mẹ́ta fi wà nílẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè. Tòkunbọ̀, tó wá kí Bàbá láti ìlú lọ́jọ́ náà, sunkún. Bàbá ní kí ó dákẹ́, pé obì ti ń gbó, mẹláínà yóò dúró dípò rẹ̀.

Tọkùnrin tobìnrin ló gbin igi náà. Orí ni wọ́n fi ru irúgbìn láti ojú ọ̀nà. Orin ìjọ ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí ìlà dé ẹ̀yìn ilé wa, alábòójútó ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n gbìn ín kọjá lórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Ìyá, kí ìlà má baà wọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí Bàbá kọ̀ jálẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbin igi yí sàréè náà ká, wọ́n sì fo àyè tiwọn. Ìlà náà wọ́. Ó ṣì wọ́ títí di òní.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1980, mẹláínà ti fi òjìji bo gbogbo oko. Ẹ̀gẹ́ kò ta mọ́, àgbàdo kò gbó mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kò wọ ṣòkòtò funfun wá mọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló rán wá. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dí ọ̀nà tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn là. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tí kò níṣẹ́ ṣe má wọlé mọ́. Ta ló lè gbé abúlé tí kò sí oko? Àwọn kan gba Papalanto lọ, àwọn kan gba ìlú. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì jìn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bàbá nígbà tí wọ́n di ẹrù wọn padà sí Kémta, ibi tí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí wọ́n máa wo àwọn tó ń kọjá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọlé lọ kí Ìyá ní sàréè wọn, wọ́n sì gé ẹ̀ka kan bọ̀ láti fi ṣe èèkù ọkọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú wọn. Wọ́n gbé Baba Ìjọ lọ sí kóòtù bí olè, ẹ̀ka náà wà lórí tábìlì níwájú wọn. Adájọ́ béèrè bóyá wọ́n gé igi onígi. Bàbá ní àwọn ni àwọn gbìn ín. Wọ́n pe Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Alágbàṣe ni Bàbá," ló wí. "Oúnjẹ tí wọ́n kórè láàárín igi ni owó iṣẹ́ wọn."

Adájọ́ ṣàánú ewú orí Bàbá, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má sì dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ká ní wọ́n jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n ni, ìbá sàn fún wọn. Alágbàṣe! Lórí ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ baba baba wọn. Wọ́n dé ilé, wọn kò jẹun. Bàbá Sàlàhúdíìnì, tó ti kó lọ sí Papalanto nígbà náà, wá kí wọn. Gbogbo wa retí pé wọn yóò sọ ọ́ pé, ṣé àwọn kò wí tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n jọ wo ìta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún kẹjọ pé ní 1985. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ìtì igi jáde tọ̀sán-tòru. Kò sí ìdílé kan tó gba ìpín kankan. Nígbà tí Túbọ̀sún lọ béèrè, wọ́n ní ta ló ṣèlérí, níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Ẹnu ni ó wà, ẹnu ọmọ Ẹ̀gbá kan, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò máa lò, bébà tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, òkè òkun ló ti wá. Ìsọ̀ mẹ́ta ni a dé ní ọjà Kuto kí a tó rí i. Gígé tí wọ́n gé igi náà, kò kú. Ọmọ tún yọ lára kùkùté rẹ̀, ó ń ga lọ. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn yìí náà, wọ́n ní ti ilé-iṣẹ́ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wa ló ń dé ọ̀dọ̀ Ìyá ní ọdún wọ̀nyẹn. Kùdírátù, ọmọ Bàbá Sàlàhúdíìnì, ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń jẹ́ kí àwọn obìnrin Papalanto wọlé ṣa igi gbígbẹ, òun náà sì ń bá wọn wọlé. Ó ń gbá sàréè náà, ó ń tu koríko àyè òsì, ó sì ń wá ròyìn fún Bàbá ní Kémta. Ọlọ́run yóò bá wa san án fún un.

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Wọn kò béèrè oògùn, wọn kò béèrè dókítà. Ohun kan ni wọ́n ń béèrè, bóyá àwọn yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ Harriet. Nítorí èyí, Túbọ̀sún lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò jù ú lọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kọ́kọ́ ní sàréè yóò ba ìlà igi jẹ́. Túbọ̀sún ní ìlà ti wọ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ó wá dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa," ló wí. "Tí mo bá gbà kí ẹ sin Bàbá síbẹ̀, lọ́la ẹ óò gbé wa lọ sí kóòtù. Ẹ óò ní ẹ̀rí."

Túbọ̀sún padà wálé, kò mọ bí yóò ṣe jíṣẹ́ náà. Nígbà tó jẹ́ ẹ tán, Bàbá ní kí a gbé àwọn jókòó. A kò rí irú ojú yẹn lára wọn láti ọjọ́ kóòtù.

"Ó mọ àṣà," ni wọ́n wí. "Mo rò pé kò mọ̀ ọ́n ni. Àti ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á láṣẹ fún wa, níwájú ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti Bàbá Sàlàhúdíìnì. Wọ́n ní àwọn fi ọwọ́ ara àwọn gbin igi, ilé-iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní àwọn jẹ́ kí wọ́n hú obì baba àwọn, ẹ̀bi náà ti àwọn ni. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù tí kò sí katakata tó lè kó o kúrò láìjẹ́ pé gbogbo ayé gbọ́. Wọ́n ní kí a sin àwọn sí àyè àwọn, kí a má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 1986, ní Kémta.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni àwọn ọmọ wọn, Tòkunbọ̀, Túbọ̀sún àti Josiah, pẹ̀lú ọkọ àti àwọn aya wọn. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan tó ń jẹ́ Harriet. Wọ́n tún fi ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀, Bàbá Sàlàhúdíìnì, àti Kùdírátù tó jẹ́ ọmọ fún wọn.

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ yìí, a kò ní lọ sí ibi ìsìnkú ìlú. Abúlé Ọláògún là ń lọ. Bàbá Sàlàhúdíìnì àti àwọn ọmọ wọn ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lápá òsì Ìyá, níbi tí ìlà igi ti wọ́. Gbangba là ń kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a yọ́ wọlé bí olè. Ọkọ̀ yóò gbé wa láti Kuto dé ibi tí ẹ̀wọ̀n wà. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn, Kùdírátù yóò sì ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ bá lè bá wa rìn, ẹ wọ bàtà tó le, kùkùté pọ̀ lọ́nà. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dí ọ̀nà, ẹ má bá wọn jà, ọmọ ẹlòmíràn ni àwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró. Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ yín pé ta la gbé lọ́wọ́, ẹ sọ fún wọn pé onílẹ̀ ni.

Sùn re, Bàbá wa. Àyè tí ẹ fò sílẹ̀, kò tíì sí igi kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ló ń dúró dè.